Èèpo kòkó Odigbó lè bá wa tú àṣírí jẹjẹrẹ, àmọ́ owó ibẹ̀ kò sí nínú èèpo

Nígbà tí wọ́n bá fọ́ kòkó tán lóko lágbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó, ìdí igi níbẹ̀ ni wọ́n ń da èèpo rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ráyè a sá díẹ̀ nínú rẹ̀, a jó o, a sì ta eérú rẹ̀ fáwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú. Èyí tó kù, tó sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n kó lọ, ńṣe ló ń jẹrà mọ́lẹ̀, àìsàn tó ń sọ ọmọ kòkó di dúdú lórí igi á sì fi ibẹ̀ ṣelé. Àwọn onímọ̀ nípa kòkó ní bí àgbẹ̀ bá ta tọ́ọ̀nù kan kòkó gbígbẹ, èèpo tútù tó fi sílẹ̀ lóko á tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló sì ń mú kòkó jáde jù lọ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ kó jókòó ṣírò òkìtì tí à ń wí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ti wá wọ̀ ọ́ báyìí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lórílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń fi ewé, èèpo àti pàǹtí oko ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní gíráfíìnì, wọ́n sì ń fi gíráfíìnì ọ̀hún ṣe ohun èlò kékeré tó lè tú àṣírí àrùn jẹjẹrẹ láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé etí àwọn olóṣèlú àtàwọn tó ń bá olówó kọ ìwé ìdókòwò, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ kò ní ju pé èèpo kòkó ti di wúrà, káwọn àgbẹ̀ Odigbó múra láti dolówó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́, ẹ̀mí èèyàn sì wà níbẹ̀, àmọ́ inú èèpo kọ́ ló wà. Bí àwọn tọ́rọ̀ kàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò bá tètè mọ ibi tó wà, èèpo á máa jẹrà lọ bó ṣe ń jẹrà, wọ́n á sì máa fi owó ilẹ̀ òkèèrè ra ohun tí wọ́n lè ṣe nílé.

Kí ọ̀rọ̀ gíráfíìnì lè yé ni, ìdí pẹ́ńsù ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Gíráfáítì ni wọ́n ń pe ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù. Ìpele kábọ́ọ̀nù tó fẹ́lẹ́ gan-an ló to léra wọn níbẹ̀, bí ìgbà tí ojú ewé ìwé bá to léra wọn. Béèyàn bá lè ṣí ojú ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, òun gan-an ni gíráfíìnì. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Yunifásítì Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i ṣí. Sẹ́lótéèpù táwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ ìwé ni wọ́n fi bó o! Nígbà tó di 2010, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Ohun tí wọ́n bó yẹn lágbára ju irin lọ, iná mànàmáná sì ń gba ojú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ti iná yìí ló kan ọ̀rọ̀ àìsàn, a óò débẹ̀.

Sẹ́lótéèpù kò lè bọ́ ọjà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á fi ásíìdì líle àti kẹ́míkà bó gíráfáítì lóríṣiríṣi ìpele, ọ̀nà kan tí wọ́n ti mọ̀ láti 1958. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kẹ́míkà mìíràn tó máa fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò lára rẹ̀. Hydrazine ni wọ́n sábà máa ń lò fún èyí, májèlé sì ni. Ibí ni ewéko ti wọlé. Ohun tó ń mú obì korò lẹ́nu, tó ń jẹ́ kí tíì ṣú, tó sì wà nínú èèpo kòkó pẹ̀lú, lè ṣe iṣẹ́ tí hydrazine ń ṣe. Wọ́n á se ewé tàbí èèpo, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á sì dà á lé e. Omi àgbo ló di kẹ́míkà yẹn.

Ọ̀nà kejì yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, ewéko fúnra rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù. Wọ́n á sun ún níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé, bí àwọn eléèédú ṣe ń ṣe, wọ́n á sì tún un sun pẹ̀lú pótáṣì nínú iná tó gbóná ju ti ẹbu lọ dáadáa. Ẹ rántí pé eérú èèpo kòkó kún fún pótáṣì, òun ló jẹ́ káwọn tó ń se ọṣẹ dúdú máa wá a kiri. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Rice ní Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi bisikíìtì, koríko, ẹsẹ̀ aáyán àti ìgbẹ́ ajá ṣe gíráfíìnì nínú iná ilé ìgbàlódé. Ní 2017, àwọn ará Ọsirélíà fi òróró sóyà ṣe tiwọn. Béèyàn bá lè ti inú ìgbẹ́ ajá mú un jáde, kò sí ìdí tí kò fi ní í jáde lára èèpo kòkó tàbí èèpo ekùrọ́ tó kún ìhà Ararọ̀mí-Obù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé ìdókòwò wá tó ní ewéko lòun fi ṣe gíráfíìnì, ó yẹ kí olówó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èwo nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni, gíráfáítì ṣì wà tó máa rà, ewéko kàn bá a dín májèlé kù ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ohun èlò àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà nílé mọ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n á gún ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí sítírípù, nọ́ńbà á sì jáde lójú ẹ̀rọ. Sítírípù yẹn ni gbogbo ọgbọ́n wà. Wọ́n ti fi èròjà kan tó ń bá ṣúgà nìkan ṣe sójú rẹ̀, bí òun àti ṣúgà bá ti pàdé, iná tín-ín-tín á ṣàn, ẹ̀rọ á sì wọn ín. Leland Clark, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ti gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1962. Báyósẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀.

Ti jẹjẹrẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ńṣe ni wọ́n á fi èròjà tó mọ àmì jẹjẹrẹ kan pàtó sójú sítírípù dípò èyí tó mọ ṣúgà. Bí àpẹẹrẹ, PSA ni àmì táwọn dókítà ń wò lára ọkùnrin tí wọ́n bá fura pé ó ní jẹjẹrẹ pírósítéètì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé irú àmì bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tára rẹ̀ le fi ìlọ́po tó ju 100,000 lọ pọ̀ ju PSA tó máa mú kí dókítà fura. Ojú sítírípù lásán kò lè gbọ́ irú ohùn kékeré bẹ́ẹ̀. Gíráfíìnì lè gbọ́ ọ, nítorí pé kò ní inú, ojú ni gbogbo ara rẹ̀, ohun tó bá ti bà lé e kò ní í ṣaláì kan iná tó ń gba ojú rẹ̀ kọjá.

Ìdí tó fi yẹ kí èyí ká ará Ọ̀rẹ̀ lára kò fara sin. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó lé ní 120,000 èèyàn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà ní 2022, àwọn tó sì pa lọ́dún náà lé ní 75,000. Ti ọyàn, ti pírósítéètì àti ti ẹnu ilé ọmọ ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí ni wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tó wà lóko nínú igbó Odigbó, tí kókó kan yọ sí lọ́yàn tàbí tí ìtọ̀ ń nira fún, àgbo ló máa kọ́kọ́ mu, kẹ́mísìtì ló máa tẹ̀ lé e. Bí dókítà bá wá fura, ọ̀nà tó jìn ló kù: Ọ̀wọ̀, Ìbàdàn, tàbí Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní 2019. Ọ̀rẹ̀ tí gbogbo mọ́tò Èkó sí Bìní ti ń dúró jẹun, ibẹ̀ náà làwọn aláìsàn tiẹ̀ ti ń wọ mọ́tò lọ sí ìlú onílùú.

Àrùn yìí kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Rotimi Akeredolu, gómìnà tí wọ́n dá ọgbà ilé-iṣẹ́ Ondo-Linyi lọ́nà Ọ̀rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò rẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ló kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Jẹjẹrẹ pírósítéètì ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ pé ó bá a jà. Ìyàwó rẹ̀, Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun fúnra rẹ̀ rí jẹjẹrẹ ọyàn, tó sì yè é, ló dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní 1997 láti máa kìlọ̀ fáwọn obìnrin pé kí wọ́n tètè yẹ ara wọn wò. Ẹni bí gómìnà lè lọ gbàtọ́jú ní Jámánì. Àgbẹ̀ kòkó kò lè lọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àyẹ̀wò tó yá, tí owó rẹ̀ kò sì ga, ló lè là á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Gíráfíìnì tó wà lójú sítírípù kan kò tó hóró iyọ̀ kan. Gíráàmù kan péré, tí kò kún ìdajì ṣíbí tíì, lè tó ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún sítírípù. Bí wọ́n bá kó èèpo kòkó tí wọ́n rí lóko àgbẹ̀ kan ṣoṣo ní Odigbó jọ, á tó ṣe èyí tí gbogbo Nàìjíríà máa lò, á sì ṣẹ́ kù. Ta ni yóò wá máa ra èèpo ní tọ́rọ̀ọ̀kù? Kò sẹ́ni tó máa rà á. Àgbẹ̀ tó bá ń wá owó èèpo, kó wo ìhà ajílẹ̀, oúnjẹ ẹran àti pótáṣì fún ọṣẹ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, n'Ìbàdàn, ti ṣiṣẹ́ lórí ìwọ̀nyí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ibẹ̀ sì lèèpo ti lè lọ ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù. Kò jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn Nobel, àmọ́ á sanwó. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí iye tí kòkó gbówó lórí ní 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, tó tún rí bó ṣe já wálẹ̀ ní 2025, mọ̀ pé ohun tó bá lè bu náírà díẹ̀ kún owó oko kì í ṣe ohun à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Owó gíráfíìnì wà nínú sítírípù tó ti parí, tí wọ́n ti dán wò, tí ìjọba ti fọwọ́ sí. Kí wọ́n wo ti ẹ̀rọ ṣúgà. Ẹ̀rọ náà kì í wọ́n púpọ̀, ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń fi tọrẹ. Sítírípù tí aláìsàn máa rà títí ayé rẹ̀ ni wọ́n fi ń rí èrè. Ilẹ̀ òkèèrè sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wọ Nàìjíríà, tí dọ́là bá ti gbéra, òun náà á gbéra. Ọ̀nà kan náà ni sítírípù jẹjẹrẹ máa tọ̀ bí kò bá sẹ́ni tó ṣe é nílé.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó yẹ kó dẹ́rù ba olówó. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ní Singapore, tí Novoselov fúnra rẹ̀ wà lára wọn, gba gíráfíìnì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ 60 káàkiri ayé, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, ojúlówó gíráfíìnì kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Gíráfáítì lílọ̀ ni wọ́n ń tà fún wọn! Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ti ewéko tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèpo kòkó tí wọ́n ká lásìkò òjò kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ọ̀gbẹlẹ̀, ti Odigbó lè má rí bíi ti Ìdànrè. Bí èròjà inú rẹ̀ bá ń yí padà, nọ́ńbà tí sítírípù máa gbé jáde náà á máa yí padà. Ẹni tó bá lè ṣe é lọ́nà tí ti òní kò fi ní í yàtọ̀ sí ti ọdún tó ń bọ̀, olúwarẹ̀ ló ní nǹkan tó lè tà.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe é? Kò sídìí láti máa béèrè mọ́. Ní Yunifásítì LAUTECH, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ nánò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef jẹ́ òpó fún ti ń fi èèpo obì, òwú aláǹtakùn àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ní 2016, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi omi èèpo kòkó sọ fàdákà di ẹ̀yà tíntìntín tójú kò lè rí, wọ́n sì fi pa kòkòrò àìsàn àti ìdin ẹ̀fọn. Fàdákà ni ìyẹn, kì í ṣe gíráfíìnì, àmọ́ èèpo kòkó kan náà ni, ọgbọ́n ibẹ̀ sì sún mọ́ra. Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń dúró nílẹ̀ wa ni inú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, olùkọ́ á gba ìgbéga, ó parí.

Àwọn ará Odigbó ti rí irú rẹ̀ rí. Bítúmẹ́nì wà nílẹ̀ ní Agbabu, nínú ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Kí ogun àgbáyé kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni ilé-iṣẹ́ kan ti ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri ní ìhà gúúsù Oǹdó nítorí rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìjọba kan á dé, á ṣèlérí, òmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á tún ìlérí ṣe, títì tí wọ́n sì ń fi bítúmẹ́nì ṣe kò yéé ná orílẹ̀-èdè yìí lówó ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó ní bítúmẹ́nì nílẹ̀ kò tíì ní ọ̀dà. Ẹni tó ní èèpo kòkó náà kò tíì ní sítírípù.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi orúkọ Olusegun Agagu pè wà ní Òkìtìpupa, kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, UNIMED, wà ní Oǹdó. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀. FUTA wà l'Ákùúrẹ́. Kò sí ìdí fún ìjọba ìpínlẹ̀ láti kọ́ ilé tuntun kankan. Ọgbà ilé-iṣẹ́ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ní 2018 náà wà lọ́nà Ọ̀rẹ̀, sítírípù sì lè di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Èyí tó ṣòro ni àárín méjì, láti inú láàbù dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì. MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ àyẹ̀wò ìṣègùn, gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, NAFDAC gbọ́dọ̀ fún un ní nọ́ńbà. Kí wọ́n tó gbé e lọ síbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti gba pátẹ́ǹtì, kí ìwé ìwádìí tó jáde kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí àṣírí bá ti tú sójú ìwé, ẹni tó bá lówó ní Ṣáínà tàbí Íńdíà lè gbé e ṣe.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré gbé e dé ọjà. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Theranos l'Ámẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lòun fi ń ṣe àyẹ̀wò lóríṣiríṣi. Àwọn olówó tú owó sí i títí tí wọ́n fi sọ pé ó tó bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, ilé ẹjọ́ dá olùdásílẹ̀ rẹ̀, Elizabeth Holmes, lẹ́bi jìbìtì, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n tó lé ní ọdún mọ́kànlá. Bí sítírípù bá purọ́ fún obìnrin kan ní Odigbó pé kò sí nǹkan kan lọ́yàn rẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tó lè dá ọdún tó fi ṣòfò padà. Bó bá sì purọ́ pé ó wà, ó lè ta oko láti fi wá ìtọ́jú tí kò nílò. PSA fúnra rẹ̀ máa ń ga lára ọkùnrin tí kò ní jẹjẹrẹ, tó jẹ́ pé pírósítéètì rẹ̀ kàn wú ni. Nítorí náà, iṣẹ́ sítírípù kò ju kó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹni yìí ni kó tètè lọ rí dókítà. Bí wọ́n bá polówó rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti ń tọ ọ̀nà Theranos nìyẹn.

Láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mọ ìdí rẹ̀ ni wọ́n máa fi dán an wò: ti àwọn tí dókítà ti gé ẹran ara wọn yẹ̀ wò tó sì dá a lójú pé jẹjẹrẹ ni, àti ti àwọn tó dá a lójú pé kò ní. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n nílò, pẹ̀lú ìwé àṣẹ àwọn tó ni ín, nínú fìrísà tó tutù dé ìwọ̀n tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní í bàjẹ́, tí iná kò sì gbọ́dọ̀ lọ lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí olówó kan tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fẹ́ ná owó sí ọ̀rọ̀ yìí, kó fi ti èèpo sílẹ̀ ná, kó ra fìrísà yẹn fún Ọ̀wọ̀ tàbí UNIMED, kó ra sólà àti bátìrì tó máa gbé e, kó sì máa san owó oṣù ẹni méjì tó máa ṣọ́ ọ. Èèpo kòkó wà nílẹ̀ ní Odigbó, kò lọ síbì kankan.